Bí ìpolówó yín ṣe lè wà lókè tente lórí Google bí owó yín kò tilẹ̀ pọ̀

Aago mẹ́jọ alẹ́. Wọ́n ti mú iná lọ ní Bódìjà, ínfátà ilé kan sì ń han láì gbé gílóòbù kan ṣoṣo. Onílé mú fóònù, ó tẹ "inverter repair Ibadan" sórí Google. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lójú kì í ṣe ìkànnì tó pẹ́ jù tàbí èyí tó mọṣẹ́ jù. Ìpolówó ni, èyí tí wọ́n kọ Sponsored sí lórí. Láti oṣù kejì ọdún 2016, tí Google ti yọ ìpolówó apá ọ̀tún kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó lè tó mẹ́rin irú rẹ̀ tó máa tò sókè kó tó kan èsì tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún. Lórí fóònù, èyí àkọ́kọ́ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú rẹ̀ tán. Ìpolówó tí kò bá sí nínú àwọn tòkè yẹn, ìsàlẹ̀ ojú ewé ló ń gbé, ẹni tó sì jókòó sínú òkùnkùn kì í fa ojú ewé débẹ̀.

Oníṣẹ́ ínfátà àti sólà ní Ìbàdàn la ó fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iye owó tí ẹ bá rí, ti ìṣirò lásán ni. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé ẹni tí owó rẹ̀ kéré kò lè lékè níbi gbogbo, àmọ́ ó lè lékè níbi tó bá yàn. Bí a ṣe ń yan ibẹ̀, tí a sì ń dín pápá kù títí owó ọwọ́ ẹni á fi ká a, ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó ń bọ̀ yìí.

Gbàǹjo ni, àmọ́ owó nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò

Gbogbo ìgbà tí èèyàn bá tẹ ìbéèrè ni Google ń lu gbàǹjo tuntun, kí ojú tó ṣẹ́ ni wọ́n ti lù ú tán. Máàkì tí wọ́n ń fún oníṣòwò kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ń jẹ́ Ad Rank, òun ló sì ń sọ ẹni tó máa lékè. Ohun mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀: iye tí ẹ pè fún títẹ̀ kan (ìyẹn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹnì kan bá tẹ ìpolówó yín), dídára ìpolówó yín àti ojú ewé tó já sí, ẹnu ọ̀nà, ìyẹn máàkì tó kéré jù tí wọ́n lè fi jẹ́ kí ìpolówó wọlé, bí ìdíje ṣe gbóná tó lásìkò náà, ipò tí ẹni tó ń wá nǹkan wà, bí àdúgbò rẹ̀, irú fóònù rẹ̀, aago tó lù àti ohun tó tẹ̀ gan-an, àti ipa tí wọ́n retí pé àwọn àfikún tí ẹ so mọ́ ìpolówó máa ní.

Ẹ wo ìṣirò yìí. A ti dín in kù kó lè yéni, nítorí Google kì í fi òǹkà inú gbàǹjo gan-an han ẹnikẹ́ni. Oníṣẹ́ A pe ₦600, dídára ìpolówó rẹ̀ jẹ́ 4, máàkì rẹ̀ jẹ́ 2,400. Oníṣẹ́ B pe ₦350 péré, àmọ́ dídára tirẹ̀ jẹ́ 8, máàkì rẹ̀ jẹ́ 2,800. Oníṣẹ́ D pe ₦400, dídára rẹ̀ jẹ́ 4, máàkì rẹ̀ jẹ́ 1,600. B ló lékè. Kò sì ní san ₦350 tó pè. Iye tó kéré jù tó lè fi borí ẹni tó tẹ̀ lé e ló máa san. Ẹ pín 2,400 sí 8, ₦300 ni, pẹ̀lú kọ́bọ̀ díẹ̀ lórí. A tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ pín 1,600 ti D sí 4, ₦400 ni. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń san ju ẹni tó wà lókè lọ. Nítorí èyí la ṣe fi ọ̀rọ̀ iye tí ẹ máa pè sẹ́yìn nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé owó sókè kí ó tó tún ìpolówó ṣe, ìlọ́po owó ló máa fi ra ipò kan náà.

Ẹ fiyè sí ẹnu ọ̀nà yẹn dáadáa. Ti òkè ojú ewé ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ lè nìkan wọ gbàǹjo, kó má sí ẹlòmíràn tó fẹ́ ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ kí ìpolówó yín má dé òkè, nítorí pé máàkì yín kò kọjá ibẹ̀.

Ẹ mọ ibi tí ẹ wà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, Google ń fi nọ́ńbà kan han àwọn oníṣòwò, tó ń sọ ipò tí ìpolówó wọn ń wà ní ìpíndọ́gba. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, nítorí pé ẹni tó wà ní ipò kìn-ín-ní lè wà nísàlẹ̀ ojú ewé bí kò bá sí ìpolówó kankan lókè. Òpó mẹ́rin ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ wọ Google Ads, níbi tí ẹ ti ń ṣètò ìpolówó, ẹ ṣí kámpéènì yín, ìyẹn ètò ìpolówó kan pẹ̀lú owó tirẹ̀, ẹ tẹ Columns, ẹ yan àwọn wọ̀nyí (Impr. ni iye ìgbà tí ìpolówó jáde, IS ni ìpín yín nínú iye ìgbà tó yẹ kí ẹ lè jáde):

- Impr. (Top) %
- Search top IS
- Search lost top IS (rank)
- Search lost top IS (budget)

Àwọn méjì àkọ́kọ́ jọra lójú, wọn kò sì jọ rárá. Ká ní ìpolówó yín jáde ní ìgbà 100 lọ́sẹ̀ yìí, 90 nínú rẹ̀ sì wà lókè. Impr. (Top) % máa kọ 90%. Èèyàn á rí i, inú rẹ̀ á dùn. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé ìgbà 1,000 ló yẹ kí ẹ lè jáde lókè, Search top IS máa kọ 9%. Oníbàárà 910 ló kọjá lọ tí wọn kò rí yín lókè. Search top IS ni kí ẹ máa wò.

Àwọn méjì tó kù ló ń sọ ohun tó ṣe yín. Bí nọ́ńbà (budget) bá tóbi, owó ojúmọ́ yín ló ń tán kí ilẹ̀ tó ṣú, pápá yín ti fẹ̀ jù. Bí (rank) bá tóbi, máàkì yín ni kò tó, ẹ ó tún ìpolówó tàbí ojú ewé ṣe, tàbí kí ẹ pe owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ jẹ́ budget tó wá lọ gbé iye tó ń pè sókè, ńṣe ni owó rẹ̀ á tún yára tán sí i.

Bákan náà, láti ọdún 2024, òkè tí Google ń wí kò túmọ̀ sí pé kò lè sí èsì ọ̀fẹ́ kankan lórí ìpolówó. Fún àwọn ìbéèrè kan, ìpolówó òkè lè wà lábẹ́ èsì ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ má fòyà bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀.

Ẹ dín pápá kù nínú ètò kámpéènì

Bí ẹ bá ń dá kámpéènì sílẹ̀, ẹ yan Search. Ibi tí wọ́n ti ń béèrè Networks, àpótí méjì ni wọ́n máa ń ti fàmì sí kí ẹ tó débẹ̀: Search Partners àti Display Network. Ẹ yọ méjèèjì. Wọ́n á gbé ìpolówó yín lọ sórí àwọn ìkànnì mìíràn, owó á lọ, ẹ kò sì ní sún mọ́ òkè Google ní ìdá kan.

Ní Locations, ẹ yan Ìbàdàn, kì í ṣe Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí Location options, ẹ yan Presence. Èyí tí Google fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni Presence or interest, tó túmọ̀ sí pé ẹni tó wà ní Kánò tàbí Lọ́ńdọ̀nù, tí ọ̀rọ̀ Ìbàdàn kàn wù ú, náà lè tẹ ìpolówó yín. Bí ẹ bá ń ṣe sólà fún àwọn ará òkè òkun tó ń kọ́lé sílé, ẹ dá kámpéènì tiwọn sílẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú owó tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa jẹ nínú owó ti ará Bódìjà.

Aago náà ńkọ́? Ní Ad schedule, ẹ tan ìpolówó kìkì ní wákàtí tí ẹnì kan máa gbé fóònù. Ínfátà kì í yan àsìkò tó máa bàjẹ́, àmọ́ bí ẹ kì í bá gbé ìpè lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, owó tí ẹ ná ní aago mẹ́wàá ṣòfò.

Bí wọ́n bá béèrè èdè, ẹ yan Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Yorùbá ni ẹni tó ń wá nǹkan, àmọ́ fún irú iṣẹ́ yìí Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń tẹ̀ ẹ́, gbàǹjo sì ń tẹ̀ lé ohun tó tẹ̀. Yorùbá yín á wúlò nígbà tó bá pè yín.

Ọ̀rọ̀ àwárí: ẹ yan díẹ̀, ẹ tò wọ́n ní ìdílé-ìdílé

Ọ̀nà mẹ́ta ni Google fi ń so ọ̀rọ̀ àwárí yín (keywords) pọ̀ mọ́ ohun tí èèyàn tẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ láìsí àmì kankan, broad match nìyẹn, ohun tó kàn jọ mọ́ ọn á fà yín wọ gbàǹjo. Bí ẹ bá fi àmì àyọlò yí i ká, bí "inverter repair ibadan", phrase match ni, ìtumọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìbéèrè náà. Bí ẹ bá fi àkámọ́ onígun mẹ́rin yí i ká, exact match ni, ìtumọ̀ kan náà nìkan ló máa mú. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré, méjì tó kẹ́yìn ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Broad match dára nígbà tí ẹ bá ti ń ka oníbàárà tó ń wọlé, tí Google sì ti mọ irú ẹni tó ń rà. Ṣáájú ìgbà yẹn, omi inú ajere ni.

Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Ẹ tò wọ́n sí ìdílé mẹ́ta, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní Ad group tirẹ̀: àtúnṣe ("inverter repair ibadan", "inverter technician near me"), rírà ("inverter price ibadan", "buy inverter battery ibadan"), àti sólà ("solar installation ibadan", "solar company in ibadan"). Ẹni tí ínfátà rẹ̀ bàjẹ́ ń fẹ́ ẹni tó máa wá lónìí. Ẹni tó fẹ́ ra sólà ń fẹ́ mọ iye tó máa ná òun. Ìpolówó kan kò lè dá àwọn méjèèjì lóhùn, bó bá sì gbìyànjú rẹ̀, máàkì rẹ̀ á lọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ìdènà, tí Google ń pè ní negative keywords, ló ń ṣọ́ owó yín. Nínú iṣẹ́ ínfátà, ewu tó tóbi jù ni pé orúkọ yìí kì í ṣe ti ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ amúlétutù wà tó ń jẹ́ inverter AC, fìríìjì inverter wà, ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin náà ń jẹ́ inverter. Bí ẹ kò bá dènà, ẹni tó ń wá fìríìjì á tẹ ìpolówó yín, á rí i pé ibẹ̀ kọ́ lòun ń lọ, á padà. Owó ti lọ, Google sì ti ṣàkíyèsí pé ojú ewé yín kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ fi àwọn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀: AC, air conditioner, fridge, freezer, washing machine, welding, diagram, circuit, pdf, project, course, training, job, jobs, salary, free. Ẹ kíyè sí i pé a kọ job àti jobs lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ ìdènà kì í mú ẹyọ àti ọ̀pọ̀ pọ̀ bí ọ̀rọ̀ àwárí ṣe máa ń ṣe; èyí tí ẹ kò bá kọ, ó kọjá.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ẹ ṣí Search terms, ẹ ka ohun tí àwọn èèyàn tẹ̀ gan-an. Lóṣù àkọ́kọ́, ibẹ̀ lẹ ó ti rí owó tó ń jò. Ẹ fi èyí tí kò kàn yín kún ọ̀rọ̀ ìdènà lójú ẹsẹ̀.

Ìpolówó fúnra rẹ̀

Ìpolówó tí Google ń gbà báyìí lórí Search, tó ń jẹ́ responsive search ad, fàyè gba àkọlé 15, tí kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 30 lọ, àti àlàyé 4, tí kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 90 lọ. Àyè àárín ọ̀rọ̀ wà nínú òǹkà. Google á máa pa wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀, á sì máa wò ó èyí tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ jù.

Fún ìdílé àtúnṣe, ẹ kọ ohun tí ẹni náà tẹ̀ padà sí i lójú: Inverter Repair in Ibadan, lẹ́tà 25. Lẹ́yìn náà ẹ dá a lóhùn lórí ohun tó ń bà á lẹ́rù: We Come to You Same Day, lẹ́tà 23. Ẹ tún sọ owó: Inspection Fee: ₦10,000, lẹ́tà 23. Owó tí ẹ kọ síbẹ̀ máa lé àwọn kan sá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sá. Ẹni tí kò lè san owó àyẹ̀wò kò yẹ kó ná yín ní owó títẹ̀. Àmọ́ bí iye àwọn tó ń tẹ̀ bá já wálẹ̀ gan-an, ẹ gbé e lọ sínú àlàyé.

Ẹ lè fi píìnì mú àkọlé kan sí ipò kìn-ín-ní, kí ó má baà sí ìgbà tí ìpolówó máa jáde láì dárúkọ iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá máa ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ mú méjì tàbí mẹ́ta sí ipò kan náà. Bí ẹ bá fi píìnì mú gbogbo wọn, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Google, kò sì ní rí ohun tó máa fi wéra.

Àmì kan wà tó ń jẹ́ Ad strength, tó ń kọ Poor, Average, Good tàbí Excellent. Kò wọ inú gbàǹjo. Ẹ má ba àkọlé tó dára jẹ́ nítorí kí ẹ lè rí Excellent.

Ẹ má kọ nọ́ńbà fóònù sínú àkọlé tàbí àlàyé, ẹ má fi àmì ìyanu sínú àkọlé, ẹ má fi lẹ́tà ńlá kọ odindi gbólóhùn. Google kò ní gba ìpolówó náà, ìpolówó tí wọ́n bá sì kọ̀ kì í wọ gbàǹjo rárá.

Àwọn àfikún, tí wọ́n ń pè ní assets, ń gbé Ad Rank sókè, wọ́n sì ń jẹ́ kí ìpolówó yín gba àyè lórí fóònù. Ẹ fi ó kéré tán sitelink mẹ́rin sí i, ìyẹn líǹkì sí àwọn ojú ewé yín mìíràn, lẹ́tà 25 ni kọ̀ọ̀kan; callout mẹ́rin, ìyẹn gbólóhùn kúkúrú nípa iṣẹ́ yín, lẹ́tà 25 náà ni; call asset fún nọ́ńbà yín, kí ẹ sì fún un ní wákàtí tí ẹ ń gbé fóònù; àti location asset láti inú Google Business Profile, ìyẹn àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ yín lórí Google, kí àdírẹ́sì Ring Road yín lè hàn. Ẹ má retí pé gbogbo rẹ̀ á jáde nígbà gbogbo. Àwọn kan kì í hàn àfi bí ìpolówó bá ti dé òkè.

Ojú ewé tí ìpolówó já sí

Ibí yìí ni àwọn oníṣòwò kéékèèké ti ń pàdánù jù, nítorí pé iṣẹ́ ibẹ̀ kò sí nínú Google Ads. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé èèyàn lọ tààrà sí Instagram tàbí sí WhatsApp. Ẹ má ṣe é. Ẹ kò lè fi kóòdù yín síbẹ̀ láti ka ẹni tó pè, ẹ kò sì lè kọ ohun tó bá ọ̀rọ̀ àwárí kọ̀ọ̀kan mu. Ẹ ní ojú ewé tiyín, kí ẹ wá fi bọ́tìnnì WhatsApp sínú rẹ̀.

Ìdílé kọ̀ọ̀kan, ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ìpolówó àtúnṣe kò gbọ́dọ̀ já sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìkànnì, níbi tí ẹ ti kọ ìtàn ilé iṣẹ́ yín. Ohun tó gbọ́dọ̀ hàn lójú fóònù kí èèyàn tó fa ojú ewé sókè ni: ohun tí ẹ ń ṣe, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà tó wà nínú ìpolówó, àdúgbò tí ẹ ń dé, owó àyẹ̀wò, àti bọ́tìnnì tí wọ́n lè tẹ̀ láti pè. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ to irú ínfátà tí ẹ ń tún ṣe sí, bí bátìrì ṣe ń bàjẹ́, àwòrán iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe àti àdírẹ́sì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn bó ṣe yá tó. Ẹ lọ sí PageSpeed Insights, irinṣẹ́ Google tó ń wọn bí ìkànnì ṣe yá tó, ẹ lẹ líǹkì ojú ewé náà mọ́ ọn, ẹ wo ti Mobile, kì í ṣe Desktop. Nọ́ńbà tó ń jẹ́ LCP, ìyẹn àkókò tí ohun tó tóbi jù lójú ewé fi ń jáde, kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 2.5 lọ. Bó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, fọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Fọ́tò tó ti inú fóònù bọ́ sórí ìkànnì láì dín in kù lè wúwo tó 4 MB. Ẹ sọ ọ́ di WebP, irú fáìlì fọ́tò tí kì í wúwo, kó má fẹ̀ ju píséẹ̀lì 1,200 lọ, kó sì wà lábẹ́ 200 KB. Fídíò tó ń dá ara rẹ̀ tàn, ẹ yọ ọ́. Dátà oníbàárà lẹ ń jẹ, sùúrù rẹ̀ kò sì tó nǹkan lálẹ́ ọjọ́ tí kò sí iná.

Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ tí owó hosting, ìyẹn owó ibi tí ìkànnì yín ń gbé, máa parí. Róbọ́ọ̀tì Google kan, AdsBot, ń wá wo ojú ewé yín. Bí kò bá rí i ṣí, wọ́n á kọ Destination not working sí ìpolówó yín, wọn á sì dá a dúró. Bákan náà ni bí ẹni tó ń bójú tó ìkànnì yín bá fi ohun ààbò kan dènà AdsBot láìmọ̀.

Iye tí ẹ máa pè, àti owó ojúmọ́

Nínú ojú ewé Keywords, ẹ tan òpó Est. top of page bid àti Est. first position bid. Àwọn ló ń fojú bu iye tó lè gbé yín dé òkè, àti èyí tó lè gbé yín dé ipò kìn-ín-ní. Ẹ wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra.

Kí ẹ tó pe iye kankan, ẹ mọ ohun tí títẹ̀ kan tọ́ sí lọ́dọ̀ yín. Ká ní nínú èèyàn mẹ́wàá tó tẹ̀, ẹnì kan ló ń gbé iṣẹ́ wá, èrè iṣẹ́ kan sì jẹ́ ₦8,000. Títẹ̀ kan tọ́ sí ₦800. Bí ẹ bá san ₦800, ẹ kò jèrè, ẹ kò sì jẹ gbèsè. Ẹ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ó wá kan ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ kì í bi ara wọn: ṣé ipò kìn-ín-ní tọ́ sí owó rẹ̀? Ká ní ní ipò kejì, èèyàn 10 ń tẹ̀ lójúmọ́ ní ₦300, ₦3,000 nìyẹn. Ẹ gun ipò kìn-ín-ní, èèyàn di 13, àmọ́ títẹ̀ kan di ₦520, ó di ₦6,760. Èèyàn mẹ́ta tó lé, ₦3,760 ni wọ́n ná yín, ó ju ₦1,250 lọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Títẹ̀ kan kò sì tọ́ sí ju ₦800 lọ lọ́dọ̀ yín. Ẹ dúró sí ipò kejì. Lókè náà ló wà.

Bí ẹ bá fẹ́ kí Google fúnra rẹ̀ máa pe iye láti dé òkè, ìlànà Target impression share ló wà fún un. Ẹ yan Top of results page, ẹ má yan Absolute top àfi fún orúkọ ilé iṣẹ́ yín nìkan. Ẹ kọ 70% sí i láti fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni Maximum CPC bid limit, ìyẹn iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè pè fún títẹ̀ kan: ẹ fi òdiwọ̀n síbẹ̀, ₦450 bí àpẹẹrẹ, nítorí pé ìlànà yìí kò bìkítà bóyá ẹnikẹ́ni rà tàbí kò rà. Ipò ni wọ́n rán an, ipò ló máa lé, ohunkóhun tó bá ná yín. Bí òdiwọ̀n bá sì kéré jù, kò ní lè dé òkè, ẹ ó rí i nínú Search lost top IS (rank). Ẹ gbé e sókè ní ₦30 sí ₦50 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó tún ṣe é. Nígbà tí ìpè tí ẹ ń kà bá ti tó nǹkan bí 30 lóṣù, ẹ wo Maximize conversions, ìlànà tó ń lé ìpè àti iṣẹ́ dípò ipò. Ipò lè wálẹ̀ díẹ̀, iṣẹ́ á pọ̀ sí i.

Owó ojúmọ́ ni ibi tí dídín pápá kù ti ń sanwó padà. Ká ní ọ̀rọ̀ yín ń rí ìbéèrè 200 lójúmọ́ ní Ìbàdàn, ìdá 8 nínú 100 sì ń tẹ̀. Èèyàn 16 nìyẹn, ní ₦300, ₦4,800. ₦6,000 lójúmọ́ á gbé e. Ẹ fi Èkó àti gbogbo ìpínlẹ̀ tó kù kún un kí ìbéèrè di 2,000, ẹ ó nílò ₦48,000. ₦6,000 kan náà á ti tán ní àárọ̀, ẹni Bódìjà aago mẹ́jọ alẹ́ kò sì ní rí yín.

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ọjọ́ kan bá gba ₦12,000. Google lè ná ìlọ́po méjì owó ojúmọ́ ní ọjọ́ tí ìbéèrè bá pọ̀, àmọ́ lóṣù kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po 30.4 rẹ̀ lọ, ìyẹn ₦182,400 fún ₦6,000.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì

Ẹ má máa tẹ ọ̀rọ̀ náà fúnra yín sórí Google láti wò bóyá ẹ wà lókè. Ìpolówó á jáde, ẹ kò ní tẹ̀ ẹ́, Google á kà á sí pé oníbàárà rí i, kò sì wù ú. Bí ẹ bá ṣe é léraléra, máàkì yín á wálẹ̀. Ohun tí ẹ ó lò ni Ad Preview and Diagnosis, tó wà lábẹ́ Tools. Ẹ yan Ìbàdàn àti Mobile níbẹ̀. Á fi ojú ewé náà hàn yín, á sì sọ ìdí bí ìpolówó kò bá jáde.

Bí (rank) bá ṣì tóbi, ẹ tan òpó Quality Score àti mẹ́ta tó wà lábẹ́ rẹ̀. Máàkì náà, láti 1 dé 10, kò wọ inú gbàǹjo fúnra rẹ̀, àmọ́ ó ń tọ́ka síbi tó ń dunni. Bí Exp. CTR, ìyẹn bí wọ́n ṣe retí pé èèyàn á tẹ ìpolówó yín tó, bá jẹ́ Below average, àkọlé ni kí ẹ tún kọ. Bó bá jẹ́ Ad relevance, ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ìdílé tó yẹ, ẹ gbé e lọ sí Ad group mìíràn. Bó bá jẹ́ Landing page exp., ẹ padà sí ojú ewé yín. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ẹ ṣí Auction insights pẹ̀lú. Position above rate ń sọ iye ìgbà tí alábàádíje kan wà lórí yín nígbà tí ẹ jọ jáde. Bí ẹnì kan bá ń borí yín ní gbogbo ìgbà, ẹ pín ìròyìn yín sí wákàtí, kí ẹ wo Search top IS yín ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Ọ̀pọ̀ alábàádíje ni owó ojúmọ́ wọn ń tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí tiyín bá ń fò sókè láti aago méje alẹ́, tí owó títẹ̀ sì ń wálẹ̀, ẹ dín wákàtí òwúrọ̀ kù nínú Ad schedule, kí owó lè kù fún alẹ́.

Ẹ wọ Recommendations, ẹ wá Auto-apply, ẹ pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Bí ó bá wà ní títàn, Google lè fi ọ̀rọ̀ àwárí tuntun kún tiyín, kó sọ phrase di broad, kó yí ìlànà owó yín padà, nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé ìdíje ti gbóná débi pé Est. top of page bid ọ̀rọ̀ kan ti kọjá ₦800 yín, ẹ dá ọ̀rọ̀ yẹn dúró, kí ẹ pín owó rẹ̀ sórí àwọn tó ní orúkọ àdúgbò nínú, bí "inverter repair bodija" tàbí "solar installer ring road". Ìbéèrè ibẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti ṣe tán láti pè.